Ẹ̀kan ti gba iwájú ilé: báwo la ṣe ń dá koríko títẹ́ padà síbẹ̀?

Onílé Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé kan ní Ìbàdàn ni, ó ti wà ní títì fún ọdún mẹ́ta. Iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 12 lóròó. Koríko kápẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ ṣì kù lábẹ́ igi máńgòrò lọ́wọ́ òsì, bíi mítà 3 níbùú, mítà 4 lóròó. Gbogbo ìyókù ti di igbó. Ẹ̀kan ló pọ̀ jù, ó ga dé àyà. Ewé Akíntọ́lá wà lẹ́bàá ògiri, patanmọ́ wà lọ́nà géètì, koríko kan tó jọ ọ̀fíó sì wà káàkiri: tí èèyàn bá fà á, orí á já, ìdí á kù sílẹ̀. Kùkùté igi méjì náà wà níbẹ̀ tó ń rúwé. Wọ́n ṣán an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, wọ́n sun ún níná lẹ́ẹ̀kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà. Oṣù kejì la wà yìí, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbé katakata wọ ibẹ̀ kó tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó ṣáájú?

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

Ẹ má gbé katakata wọ ibẹ̀ o. Ẹ̀kan tó ṣì wà láàyè tí ẹ bá fi katakata tú, gbígbìn lẹ ń gbìn ín.

Ohun tí ẹ ń rí lókè yẹn kọ́ ni ẹ̀kan. Ẹ̀kan gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀: ìtàkùn funfun líle, oríkèé-oríkèé bí ìrèké, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í jìn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ó lè lọ ju 40 lọ. Bí katakata bá gé ìtàkùn kan sí ogún, ogún ẹ̀kan ló máa hù, torí oríkèé kan ṣoṣo ti tó o. Iná náà ńkọ́? Òkè nìkan ló jó. Ooru rẹ̀ ò débi tí ìtàkùn wà, ó sì ti bá ẹ̀kan pa àwọn koríko tí ì bá máa bá a du ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yọ òdòdó funfun lẹ́yìn iná, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé èso rẹ̀ lọ sí àgbàlá ẹlòmíràn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ léra nìyí: ṣán, dúró, fín oògùn, dúró, gbẹ́. Dídúró yẹn ló máa ń sú àwọn èèyàn.

Ẹ ṣán an sílẹ̀ ní ìparí oṣù kejì yìí tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ṣán kúrò kí ewé tuntun lè rí oòrùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ̀kan á sáré yọ. Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kó dé orúnkún, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ewé ni ilẹ̀kùn tí oògùn ń gbà wọlé. Tí ewé ò bá pọ̀, oògùn tó máa dé ìtàkùn ò ní tó. Tó bá sì ti gbó tó gbẹ, kì í gbé oúnjẹ lọ sísàlẹ̀ mọ́, oògùn náà ò sì ní rí ohun tó máa gbé e lọ.

Glyphosate ni ẹ máa lò, èyí tí wọ́n kọ 360 gíráàmù ní lítà kan sí lára. Fún ẹ̀kan, mílílítà 20 sí lítà omi kan. Ilẹ̀ yín jẹ́ mítà 120 níbùú lóròó. Lítà omi mẹ́rin ti tó o, ìyẹn mílílítà 80 oògùn. Àwọn tó ń bá èèyàn fín in máa ń po táńkì lítà 15 kún fọ́fọ́, wọ́n á sì dà á tán sórí ilẹ̀ kékeré. Owó ló ṣòfò yẹn, oògùn náà á kàn máa kán sílẹ̀ láti ara ewé ni. Kí ewé tutù bí ìgbà tí ìrì sẹ̀ sí i, kó má ro.

Ìyá Ewéko

Ẹ ṣé, Àgbẹ̀. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ omi. Omi tó mọ́ ni kí wọ́n fi pò ó o, kì í ṣe omi kòtò. Glyphosate máa ń lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò lè pa nǹkan kan mọ́. Ohun kan náà ló fà á tí kì í fi í ṣiṣẹ́ lára ewé tí eruku bò. Ẹ má sì da iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọṣọ sí i bí àwọn kan ti ń ṣe, ohun tó ń mú un lẹ̀ mọ́ ewé ti wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà.

Àárọ̀ ni kí ẹ fín in, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tí afẹ́fẹ́ ò tíì dìde. Ó nílò wákàtí mẹ́fà láìsí òjò. Nínú oṣù kẹrin, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò sábà máa ń rọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fín in ní aago mẹ́ta ọ̀sán, òjò ló ń fi oògùn fún.

Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn náà. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní ọjọ́ 7 sí 10, á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó pé, ọkọ́ kankan ò gbọdọ̀ kàn án: ìtàkùn tí ẹ bá gé kí oògùn tó dé òpin rẹ̀, ẹ ti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ bá pé, díẹ̀ á tún yọ. Èyí tó bá yọ nìkan ni kí ẹ tún fín.

Àti pé gbúre àti tẹ̀tẹ̀ máa ń hù láàárín irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ará ilé kí ẹnikẹ́ni má já a sọ́bẹ̀.

Àdá Mímú

Kí wọ́n tó dé ibi oògùn, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n máa ṣán an, torí ibẹ̀ ni jàǹbá wà.

Igbó ọdún mẹ́ta, ejò lè wà níbẹ̀, àkekèé lè wà lábẹ́ àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ẹ má yí igbó náà ká láti ìta wá sí àárín; inú àárín lẹ máa há ejò mọ́, ibẹ̀ ló sì máa ti bínú. Láti ara ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ṣán an lọ sí ìhà ògiri níbi tí ejò ti máa rí àyè sá jáde. Kí ẹni kan fi ọ̀pá gígùn máa na igbó níwájú. Bàtà róbà, ṣòkòtò tó nípọn, ìbọ̀wọ́.

Ẹ wo ara ògiri dáadáa bóyá yèrèpè wà níbẹ̀. Oṣù kejì yìí gan-an ni èso rẹ̀ gbẹ, irun ara rẹ̀ á sì máa fò. Bí ẹ bá rí i, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, ẹ gé e ní ìdí, ẹ fi igi wọ́ ọ sínú àpò láìmì ín. Ẹ má sun ún o.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ agékoríko tí wọ́n ń fà kọ́ èjìká ni wọ́n máa lò, ẹ kọ́kọ́ fi àdá ṣán an dé orúnkún, kí ẹ ṣa ìgò, wáyà àti òkúta, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Òkúta tí irin ẹ̀rọ yẹn bá gbá lè fò jìnnà, ó sì lè fọ́ ojú tàbí gíláàsì mọ́tò. Awò ojú kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀ṣọ́ rárá.

Ewé Akíntọ́lá ò le bí ẹ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ ò jìn. Bí òjò bá ti rọ ilẹ̀, ẹ dì í mú nídìí, ẹ fà á, á tu. Àmọ́ ó ti gbọn èso rẹ̀ dànù nínú ọyẹ́, nítorí náà ẹ máa retí ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún nígbà àkọ́rọ̀. Bó bá ṣì wà ní kékeré, ọkọ́ ti tó fún un.

Onílé Àkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní oògùn kan wà tó ń pa koríko lọ́jọ́ méjì, pé kí la fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Ṣé òótọ́ ni?

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

Paraquat nìyẹn, tàbí ohun tó jọ ọ́. Òótọ́ ni pé ó yára. Ibi tó bá kàn nìkan ló ń jó, kì í rìn dé ìtàkùn. Ẹ̀kan á tún padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ìgbà tí ẹ sun ún níná. Ìyẹn gan-an tiẹ̀ ni àléébù rẹ̀ tó kéré jù. Bí èèyàn bá gbé e mì, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́ títí ẹni náà ò fi ní lè mí. NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí wọ́n bá gbé e fún yín nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní àkọlé, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ ra oògùn tí èdìdì rẹ̀ ò tíì já, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹ lè ka iye gíráàmù tó wà nínú lítà rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ 360, àwọn kan 480, àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n mílílítà 20 tí mo sọ, ti 360 ni. Bó bá jẹ́ 480, 15 ti tó.

Ọlọ́kọ́

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ oògùn lẹ́nu ọ̀nà ilé, pàápàá ibi tí kànga bá wà nítòsí tàbí tí ọmọdé ń ṣeré. Mítà 120 kò tóbi jù fún ọwọ́. Ó kàn máa pẹ́ ni.

Ẹ̀kan kórìíra òjìji ju àdá lọ. Ẹ ṣán an sílẹ̀, ẹ tẹ́ tapólì dúdú tó nípọn bò ó, ẹ gbẹ́ etí rẹ̀ wọ ilẹ̀ yíká, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Títí òjò fi máa dá ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ ò wúlò, ẹnu ẹ̀kan á lu ú jáde. Bí ẹ bá ṣí i wò lẹ́yìn oṣù kan tí ẹ rí ẹ̀kan funfun tó ń rá pálá, ẹ má yọ̀. Ẹ dà á bò, ó ṣì ń jẹ ohun tó kó pamọ́ sínú ìtàkùn.

Ọ̀nà kejì ni Mucuna, ẹ̀wà ìbòlẹ̀ tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti fi ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti bá ẹ̀kan jà. Mọ̀lẹ́bí yèrèpè ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni lára. Ẹ gbìn ín nígbà òjò, á fà bo ilẹ̀ pátápátá, ẹ̀kan ò ní rí oòrùn. Fún oko ló dára jù. Níwájú ilé, á gun máńgòrò, á gun ògiri, á sì fi yín sínú igbó fún ọdún kan sí i.

Ní ti gbígbẹ́: fọ́ọ̀kù onírin mẹ́rin ni, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Ṣọ́bìrì ń gé ìtàkùn, fọ́ọ̀kù ń gbé e sókè lódindi. Ẹ pín ilẹ̀ sí ìlà mítà kan mítà kan. Ẹ gbẹ́ kòtò ìlà àkọ́kọ́ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ kó erùpẹ̀ rẹ̀ sínú bárò, kí ẹ wá máa ti erùpẹ̀ ìlà kejì wọ inú ti àkọ́kọ́ bí ẹ ti ń ṣa ìtàkùn kúrò. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn òjò ni ilẹ̀ máa ń rọ̀ tó. Bí ilẹ̀ bá tutù jù, ẹrẹ̀ á di ìtàkùn mọ́nú, ẹ ò ní rí i.

Àwọn ìtàkùn tí ẹ bá ṣà, ẹ má dà wọ́n sí àkìtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀. Ẹ sá wọn sórí sìmẹ́ǹtì títí wọ́n á fi máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹ bá ṣẹ́ wọn.

Ìyá Ewéko

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi tapólì bo èyí tó jọ ọ̀fíó yẹn kí ẹ wá rò pé ẹ ti bọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa, torí òun ló máa yọ yín lẹ́nu jù tí ẹ̀kan bá ti lọ tán.

Ẹ fi ìka yí igi rẹ̀. Bí ó bá ní igun mẹ́ta, òun ni: Cyperus rotundus, mọ̀lẹ́bí ọ̀fíó tí à ń jẹ. Ká ṣáà máa pè é ní ọ̀fíó ìgbẹ́ níbí. Kóró dúdú ló ní lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Kóró tó wà ní ìparí okùn ló ń hù, ó sì ń dá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá fi ọkọ́ já okùn yẹn, gbogbo wọn á gba òmìnira, olúkúlùkù á hù. Ohun tó fà á nìyẹn tí ibi tí wọ́n bá ro lẹ́ẹ̀kan fi máa ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Glyphosate ń pa ewé rẹ̀ àti kóró tó so mọ́ ewé náà. Kóró tó ń sùn, tí kò ní ewé, ò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ìgbà púpọ̀ ni: ẹ fín in nígbà tó bá ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, kó tó yọ òdòdó, ẹ dúró kí òmíràn hù, ẹ tún fín. Ìgbà mẹ́ta ló kéré jù.

Ẹni tí kò bá fẹ́ oògùn, ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ hú ilẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 nínú ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn pa kóró náà ní gbangba. Bí wọ́n bá gbẹ dáadáa, wọn kì í jí mọ́. Oṣù kejì lẹ wà, nítorí náà ẹ ṣì lè ṣe èyí ní ibi tí ọ̀fíó ìgbẹ́ nìkan wà tí ẹ̀kan ò sí. Níbi tí àwọn méjèèjì ti wà papọ̀, ẹ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó.

Àwọn tó ń fa ewé rẹ̀ tu lójoojúmọ́ náà ò ṣe àṣedànù pátápátá. Bí ẹ bá ń fà á ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láìsinmi, kóró á ná oúnjẹ inú rẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló ń san gbèsè padà fún un.

Onílé Àkóbọ̀

Ó ti yé mi. Kùkùté méjì yẹn ńkọ́? Àti koríko tó kù lábẹ́ máńgòrò, ṣé kí n fín òun náà kí gbogbo rẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun?

Àdá Mímú

Ká má rí i! Ìyẹn ni irúgbìn yín. Bí ẹ bá fẹ́ fín ẹ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi páálí tàbí pátákó dí i. Èyí tó bá hù láàárín koríko gan-an, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ róbà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú lé e, ẹ ti ọwọ́ òwú bọ oògùn tí ẹ po apá kan rẹ̀ mọ́ omi apá méjì, ẹ fún un kó má ro, ẹ wá fi ra ewé ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Glyphosate kì í gba èèpo igi máńgòrò tó gbó wọlé, ṣùgbọ́n kó má kan ewé rẹ̀ tàbí ọ̀mùnú tó yọ nídìí rẹ̀.

Kùkùté: ẹ gé e kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ilẹ̀, lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn tí ẹ kò pò mọ́ omi sí etí ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ní abẹ́ èèpo níbi tí omi ara igi ti ń kọjá. Bí ẹ bá jẹ́ kó di wákàtí kan, ojú ọgbẹ́ á ti dí. Bí agbára bá wà, ẹ hú u jáde pátápátá. Kùkùté tí ẹ bá bò mọ́lẹ̀ á jẹrà, ilẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ níbẹ̀, ikán á sì wá ṣe ilé.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì

Èmi á gba ọ̀rọ̀ láti ibi tí ilẹ̀ ti mọ́. Ó yẹ kó jẹ́ àárín oṣù karùn-ún, ẹ̀kan ti kú, ẹ ti gbẹ́ ẹ, ẹ ti ṣà á.

Ẹ má tíì gbin nǹkan kan. Ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ sí i, kí gbogbo èso igbó tó ń sùn hù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ wá fi ọkọ́ fá a lérèfé, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 lọ, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú. Bí ẹ bá wọlé jinlẹ̀, èso tuntun lẹ tún ń gbé wá sókè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ patanmọ́ tí ẹ bá fá báyìí, ẹ ò ní fi ọwọ́ tu ú láàárín koríko lọ́la, àwa tí ẹ̀gún rẹ̀ ti kọ́ lọ́gbọ́n mọ̀ bó ṣe rí.

Ní ti títẹ́ ilẹ̀: ẹ kan èèkàn mọ́ ara ilé àti mọ́ ìparí ilẹ̀, ẹ ta okùn. Kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 fún mítà kan. Fún òró mítà 12, ìyẹn 12 sí 24. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ẹ fi dúrọ̀ọ̀mù kékeré tí ẹ rọ omi sí yí i mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rìn lórí rẹ̀, kí ojú ẹsẹ̀ má wọlé ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ pupa, ẹ máa nílò ilẹ̀ dúdú sẹ̀ǹtímítà 5 lórí, ìyẹn mítà kúbíìkì 6. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ra wàhálà lówó. Ilẹ̀ dúdú tí tírélà ń kó wá ló ń gbé ọ̀fíó ìgbẹ́ káàkiri ìlú. Kí wọ́n tó já a, ẹ bu korobá méjì, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi sí oòrùn fún ọjọ́ 14. Ẹ ó rí ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, tí kò rùn mọ́, kílò kan fún mítà kan níbùú lóròó: kílò 120. Èyí tó ṣì gbóná á jó gbòǹgbò. NPK 15-15-15, gíráàmù 30 fún mítà kan, ìyẹn kílò 3 àti ààbọ̀ lápapọ̀. Ẹ fi réèkì pò ó mọ́ erùpẹ̀.

Gbígbìn: ẹ má hú gbogbo koríko abẹ́ máńgòrò. Ẹ fà á ní ìlà sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi 30 sílẹ̀; èyí tó kù á fà pàdé ara rẹ̀. Mítà 12 ló wà níbẹ̀, ẹ ó rí 6 mú. Ẹ já a sí ọ̀nà tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ara, ó jẹ́ 44 fún mítà kan. Mítà kan koríko àtijọ́ á gbin bíi mítà 10. Nítorí náà mítà 6 yín á gbin 60, ìdajì ilẹ̀. Ẹ ra ìyókù, tàbí kí ẹ gbìn ín ní 20 sí ara, ìyẹn 25 fún mítà kan, kí ẹ sì gbà pé á pẹ́ kó tó pàdé. Ẹ bo ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí orí yọ, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá hú u ni kí ẹ gbìn ín. Koríko tó sùn nínú àpò di ọjọ́ kejì ti sè nínú ooru ara rẹ̀.

Ọlọ́kọ́

Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa koríko bàhámà? Ojú gbangba ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yẹn wà. Bàhámà yára bo ilẹ̀, ó fara da ọ̀dá.

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì

Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ òjìji rárá, ẹ ó rí ilẹ̀ lásán lábẹ́ máńgòrò. Gígé rẹ̀ náà pọ̀: sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ni kó wà, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nínú òjò. Á sì yọ́ wọ inú ibi òdòdó, koóko ìgbá ṣáà ni. Ilé tí kò ní ẹni tí ń gé e, kápẹ́ẹ̀tì ni: ewé rẹ̀ fẹ̀, ó fara mọ́ òjìji, 4 sí 5 ni gíga rẹ̀. Ohun tí kò lè fara dà ni ẹ̀ẹ̀rùn láìsí omi. Ẹni tí kò ní borehole kó rò ó wò.

Ìyá Ewéko

Ẹ jẹ́ ká ṣírò omi náà. Mílímítà omi kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Koríko tó ti fìdí múlẹ̀ ń fẹ́ bíi mílímítà 25 lọ́sẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Fún 120, lítà 3,000 ni, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó jẹ́ 120. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kó lè wọlé jìn, kì í ṣe wíwọ́n lójoojúmọ́ tó ń kọ́ gbòǹgbò láti máa sùn lókè. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbígbìn nìkan ni ẹ ó máa wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bí òjò ò bá rọ̀.

Ìdí nìyí tí ìparí oṣù kẹfà fi dára láti gbìn ín. Ó máa mú ilẹ̀ kí àìrọ̀ òjò oṣù kẹjọ tó dé, á sì rí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kí ọyẹ́ tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn, yúríà gíráàmù 10 fún mítà kan, kílò kan àti díẹ̀ lápapọ̀. Ewé gbọ́dọ̀ gbẹ nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn, kí ẹ sì bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí ewé tó tutù, á jó o ní tótòtó.

Gígé àkọ́kọ́, nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 7. Ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fá a dé ìdí, oòrùn á kan ilẹ̀, èso igbó á jí.

Onílé Àkóbọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù kẹsàn-án la wà báyìí. Koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, ẹ ṣeun. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló kù: nítòsí géètì ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí mo tilẹ̀ fún un ní ajílẹ̀, gbégi ń hù lójú ibi tí wọ́n ń gbà kọjá, ẹ̀kan tún ń yọ lẹ́bàá ògiri aládùúgbò. Patanmọ́ díẹ̀ náà wà. Ṣé mo lè fín 2,4-D, oògùn tó ń pa igbó tí ewé rẹ̀ fẹ̀, sí i?

Bàbá Kápẹ́ẹ̀tì

Ti géètì: ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wò ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí wọ́n ti po sìmẹ́ǹtì. Ẹfun inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko rí irin inú ilẹ̀ mu, ajílẹ̀ mélòó kan ò lè tún un ṣe. Ẹ kó erùpẹ̀ yẹn dànù, ẹ fi òmíràn dí i, ẹ tún un gbìn.

Gbégi ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ti le jù níbẹ̀ fún koríko yín. Ẹ fà á tu lẹ́yìn òjò, ẹ fi fọ́ọ̀kù gún ilẹ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ mì í díẹ̀ kí ihò ṣí. Bí wọ́n bá ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà

2,4-D kì í pa koríko tó ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì máa ń fara gbá nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Èéfín rẹ̀ tún máa ń ká ewé ìbẹ́pẹ tàbí tòmátì aládùúgbò kò, ìjà nìyẹn. Patanmọ́ díẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ kó tó so. Bí ẹ bá sì ti fi táńkì kan fín 2,4-D rí, ẹ má tún fi fín nǹkan mìíràn sára ewéko tí ẹ fẹ́, wíwẹ̀ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ti ara ògiri: ẹ̀kan aládùúgbò ló ń gba abẹ́ fẹ́ńsì wá. Ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 lẹ́bàá ògiri náà, ẹ já gbogbo ìtàkùn tó ń kọjá, ẹ fi páànù àtijọ́ dúró sínú rẹ̀ kí ẹ tó dí i. Páànù ni o, ẹnu ẹ̀kan ń lu náílọ́ọ̀nù. Ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan sí, kí ẹ lè rí èyí tó bá yọ. Kí òjò tó dá, ẹ fi ìbọ̀wọ́ òwú yẹn ra àwọn tó ti yọ sọ́dọ̀ yín. Títí ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n ṣì ń gbé oúnjẹ lọ sísàlẹ̀.